Ọpẹ́ Ṣáájú Ìwòsàn

Agatha wà lórí apáta ẹ̀yìn ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá síbẹ̀ ká kí abẹ́ rẹ̀ náà lè rí oòrùn, nígbà tó gbọ́ tí ẹnìkan ń bì nínú balùwẹ̀. Onítọ̀hún ti ṣí omi ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ariwo omi lè bo ariwo èébì. Ta ló lè fi omi tan ìyá jẹ? Ó fi kòkó sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Prosper."

Omi náà dákẹ́. "Mà."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń fọ ẹnu ni, Mọ́mì."

"O ti fọ ẹnu láàárọ̀."

"Mo tún ń fọ ọ́ ni."

Ó jáde, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Géńdé ọmọ ogún ọdún ni, ó ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ náà kọjá. Bó ṣe bọ́ síta báyìí, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Oòrùn ọyẹ́ ni o, èyí tí kò tíì mú rárá, tí adìyẹ pàápàá ṣì ń wá ibi tí yóò ti yá a. Agatha rí i pé ojú ọmọ náà pọ́n. Ó rí i pé ó di ògiri mú bó ṣe ń lọ.

"Orí ń fọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Orí kò fọ́ mi, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ohun tí kò sí."

Agatha dákẹ́. Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ló wúwo, ohun tó sì mú un wúwo ni n óò kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tí kì í bá ṣe ará Ìdànrè lè máa bi ara rẹ̀ pé irú ìyá wo rèé.

Ẹ̀yìn ni Prosper ń gbá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè wá, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ń bá a dù ú. "Orí ọmọ yìí la fi ń jẹun," ni Kóòṣì Ọládipúpọ̀ máa ń wí, gbogbo wa a sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdíje ìparí ọdún bẹ̀rẹ̀, a lọ bá àwọn ará Aládé gbá. Wọ́n gbá kọ́nà, Prosper fò, aṣọ́lé náà fò, orúnkún aṣọ́lé sì bá a ní ẹ̀bátí. Ó ṣubú bí igi tí wọ́n gé, kò sì mira. Ẹnìkan da omi tútù sí i lórí, ẹnìkan ń fi róòbù ra imú rẹ̀, àwọn yòókù ń pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan. Agatha tó wá wòran kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ lẹ́bàá ilà. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó wí. Ó ní, "Ọlọ́run, bí ọmọ yìí bá lajú, n kò ní jẹ́ kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí kọjá kí n tó wá dúpẹ́."

Prosper lajú.

Olúsànmí, bàbá rẹ̀, tó ń wa mọ́tò Ìdànrè sí Àkúrẹ́, já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dá a sílẹ̀, ó pe bàbá àti ìyá jókòó. Ó ní ọpọlọ ọmọ yìí ti mì nínú agbárí. Ó ní kì í ṣe eegun tó ṣẹ́, kì í ṣe ara tó ya, ojú kò lè rí i. "Ẹ má jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ kó fi orí kan nǹkan kan títí n óò fi tún rí i. Bó bá ní ara òun yá, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Bí nǹkan bá tún gbá orí yìí kó tó sàn, ó lè má jí." Tọkọtaya ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀, ẹ̀jẹ́ sì wà lọ́rùn Agatha. Ta ló ń fi ẹ̀jẹ́ ṣeré? Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọjọ́ Ìsinmi náà kò kọjá. Agatha fa ewúrẹ́, wọ́n ru iṣu, wọ́n se ìrẹsì, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ jẹ́sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa jó tẹ̀lé wọn dé iwájú pẹpẹ. Fada gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Prosper. Ó ní, "Mo ti gbádùn. Kò sí ohun tó ń ṣe mí mọ́." Àwa náà ké alelúyà. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ohùn mi wà níbẹ̀.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ni pé bí a bá ti dúpẹ́ lórí àìsàn, àìsàn náà ti tán nìyẹn. A kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní ó ṣì kù, ó ń pè é padà ni, tàbí ó ń sọ fún Ọlọ́run pé kò parí iṣẹ́ tó ti gba owó ọ̀yà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rántí dókítà Àkúrẹ́ mọ́. Kí lẹ fẹ́ lọ wá ní ọsibítù lẹ́yìn ọpẹ́? Nígbà tí Joanna, àbúrò Prosper tó ń kọ́ṣẹ́ irun, sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, Prosper bi mí léèrè nǹkan, mo dá a lóhùn, kò pẹ́ ó tún bi mí ní nǹkan náà gan-an," Agatha gbójú mọ́ ọn. Ó ní, "A kì í pe ẹni tí a ti dúpẹ́ lé lórí ní aláìsàn. Lọ fọ ẹnu rẹ." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Òun náà ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ yìí, tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó di ògiri mú.

Ó kù díẹ̀ kí ìdíje náà parí. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Èkó, irú àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri tí wọ́n ń kó wọn lọ sí ẹgbẹ́ ńlá. Ó ti gbọ́ nípa Prosper. Kò sí ilé tí wọn kò ti sọ ọ́ ní àdúgbò wa.

Nígbà tí Olúsànmí dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Prosper bì náà, Agatha gbé omi fún un kó fi ṣan ẹsẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Bàbá Prosper, ọmọ yìí bì lónìí."

"Kí ló jẹ?"

"Kì í ṣe ohun tó jẹ. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, kó má gbá bọ́ọ̀lù Sátidé yìí."

Olúsànmí dá ẹsẹ̀ tó ń ṣan dúró. "Kí n ní kí ló ṣe é?"

"Orí."

"Orí tí a dúpẹ́ lé lórí?"

Agatha fa aṣọ ìnusẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Orí tí gbogbo ìjọ bá wa jó lé lórí," ni ọkọ rẹ̀ tún wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Agatha, ta ni yóò lọ gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run? Kì í ṣe èmi. Èmi kò láyà ẹ̀."

Ẹ má rò pé olójúkòkòrò ni ọkùnrin náà. Ẹ̀rù ń bà á ju ìyàwó rẹ̀ lọ ni. Òun ló gbé ọmọ náà sínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, òun ló ń wa mọ́tò tó ń bojú wẹ̀yìn bóyá ó ṣì ń mí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun padà síbẹ̀, kódà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ó wọlé lọ.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Agatha gba pápá lọ. Ó bá Kóòṣì Ọládipúpọ̀ tó ń fi eérú fa ilà. Ọkùnrin náà nà ró, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Prosper, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ti wá wo ibi tí ọmọ yín yóò ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́la?"

"Kóòṣì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo bá wá. Mo ní ṣé kò ní dáa kó tún sinmi díẹ̀ sí i?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Kóòṣì. Ó gbé korobá eérú sílẹ̀. "Ìyá Prosper, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé orí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ bí i nìkan lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé ẹ ń dúpẹ́, mo kó gbogbo àwọn ọmọ wá, a bá yín jó, a jẹ ìrẹsì yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó jẹ́ kó padà wá sí pápá. Èmi kì í ṣe dókítà, mà. Ẹ̀yin ni mo wò. Bí ẹ bá sọ fún mi báyìí pé ara rẹ̀ kò yá, mo ti yọ ọ́ nìyẹn, ọ̀gá Èkó ì báà bínú padà sílé. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Ohun tí Agatha ní láti sọ kò ju pé, bẹ́ẹ̀ ni, kò yá. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wá rántí ara rẹ̀ lórí orúnkún nínú erùpẹ̀ Aládé, àti bí ọmọ náà ṣe lajú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló jí i. Ẹnu tó lè jí ọmọ, kí ni kò lè ṣe fún un? Bó bá jẹ́ pé gbólóhùn kan yìí gan-an ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tó ti lọ ńkọ́?

"Ara rẹ̀ yá," ó ní. "Ẹ̀rù ìyá lásán ni."

"Ẹ̀rù ìyá kì í tán, mà," ni Kóòṣì wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó gbé korobá rẹ̀.

Agatha kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé ògì àti àkàrà lọ bá Prosper nínú yàrá. Òkùnkùn ni ó bá níbẹ̀. Ọmọ náà ti fi aṣọ ìbora kọ́ fèrèsé, ó dùbúlẹ̀, ó fi apá bo ojú. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti wọlé. Agatha jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Prosper kò yẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já ìyá rẹ̀ láyà.

"Ó ń fọ́ mi, Mọ́mì," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Ó ń fọ́ mi láti ọjọ́ náà. Kò dákẹ́ rí."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ìgbà wo ni kí n sọ ọ́? Nígbà tí ẹ ń jó?"

Agatha gbé ọwọ́ kúrò níwájú orí rẹ̀.

"Mo ti dúró níwájú gbogbo ìjọ, mo ní mo ti gbádùn. Ẹ fẹ́ kí n wá sọ pé irọ́ ni mo pa nílé Ọlọ́run ni? Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ síta, yóò yá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Mò ń retí ẹ̀."

"Má lọ mọ́, ọkọ mi. Jẹ́ ká padà lọ bá dókítà yẹn."

Prosper dìde jókòó, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́. Bí ọ̀gá yẹn bá ti rí mi lónìí, ó tán. N óò sinmi, n óò sùn fún oṣù kan bí ẹ bá fẹ́, n óò lọ bá dókítà tó bá wù yín. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn rìn ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí apáta yìí. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá padà lọ láì rí mi, kò ní wá mọ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, Mọ́mì. Ẹ bá mi gbé e mì."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Agatha kò rí ẹkún rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó wò ó, ìfẹ́ rẹ̀ sì mú un lọ́kàn tó fi jẹ́ pé kò mọ èyí tó jẹ́ ojú rere nínú kó gbà fún un àti kó kọ̀ fún un.

"Jẹ ògì rẹ kó tó tutù," ó ní. Ó dìde.

Ẹ má bú u o. Ó rọrùn láti jókòó ká ẹsẹ̀ kò, kí a máa sọ ohun tí ìyá ọlọ́mọ ì bá ṣe.

Lọ́sàn-án, pápá kún. Àwọn kan gun apáta tó yọrí sí pápá náà, wọ́n jókòó lé e lórí bí àparò. Ọ̀gá Èkó wà lábẹ́ ìbòòji, ó dé fìlà, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù náà sápò, kò sì tún yọ ọ́ mọ́, nítorí Prosper gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Agatha gbọ́ tí ọ̀gá náà bi Kóòṣì pé, "Ọmọ ta ni gíga yẹn?" Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jó níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kan wá gba òkè bọ̀, ó ga, ó ń já bọ̀. Gbogbo wa pe orúkọ Prosper. Ó fò, ó fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà réré, ariwo sọ. Ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò ṣubú. Ó kàn dúró ni. Eré ń lọ síwájú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ jẹ́jẹ́, ó lọ dúró láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì, ó kọjú sí ilé ara wa bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ ibẹ̀. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹ̀tàn eré ni. "Àgbà ọ̀jẹ̀," ni ẹnìkan wí lẹ́bàá Agatha.

Ṣùgbọ́n Agatha rí ojú rẹ̀. Ó dà bí ojú àlejò tó wọ ilé tí kò mọ̀, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, tí ojú sì ń tì láti béèrè.

Wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà. Agatha ré ilà kọjá, ó wọ pápá. Kò sáré. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní, "Mà, ẹ jáde, eré ń lọ." Agatha kọjá lára rẹ̀. Ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Prosper, ó sì di apá rẹ̀ mú. Kóòṣì sáré bá wọn.

"Ìyá Prosper, kí ló dé?"

"Ara ọmọ mi kò yá." Pápá ti dákẹ́, gbogbo wa la gbọ́ ọ. "Mo bi yín lánàá, ẹ bi mí, mo purọ́ fún yín. Kò yá, kò sì yá rí. Ọpẹ́ tí mo dá, mo dá a kó tó tó àkókò. Mo gbà á padà. Bó bá bí Ọlọ́run nínú, èmi ni kó bá wí."

Àwọn obìnrin ìjọ tó wà níbẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ó ti ṣe é báyìí." Kóòṣì wo Agatha, ó wo Prosper, ó sì gbé ọwọ́ sókè pé kí ẹlòmíràn wọlé wá dípò rẹ̀. Ọ̀gá Èkó ti yọ fóònù rẹ̀.

Ìgbà náà ni iyè Prosper sọ. Ó wo bẹ́ńṣì, ó wo ọ̀gá náà, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lápá rẹ̀. Ó já ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́."

"Mo bà á jẹ́," ni Agatha wí.

"N kò ní dárí jì yín láéláé."

"Má dárí jì mí. Máa bínú lọ, ọmọ mi. Alààyè ló ń bínú."

Prosper kọjá láàárín èrò, wọ́n là fún un. Ó bọ́ sójú títì pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àti jẹ́sì tó tutù fún òógùn. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, ó jìnnà díẹ̀ sí i kó má baà bojú wẹ̀yìn kó tún sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ún ju èyí lọ. Àwọn tó jókòó níwájú ilé kí wọn, wọ́n béèrè ẹni tó ń borí. Ìyá àti ọmọ kọjá lọ. Agatha ń sunkún, kò nu omijé rẹ̀.

Wọ́n dé oríta. Apá òsì ló lọ sí ilé tí wọ́n bí Prosper sí, ilé tí kò tíì fi sílẹ̀ rí. Apá ọ̀tún ló lọ sí gáréèjì, níbi tí mọ́tò bàbá rẹ̀ ti ń kó èrò Àkúrẹ́. Prosper dúró. Agatha náà dúró. Ó rò pé ó fẹ́ tún bá òun jà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yíjú. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún wo òsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lára rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń tún okùn bàtà so, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó sì tún wo ọ̀nà méjèèjì.

Kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Agatha fẹ́ ké orúkọ rẹ̀, ó gbé e mì, kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀ lójú títì. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì wò ó lójú, bí ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì yà sí apá ọ̀tún, sí ọ̀nà gáréèjì. Ó fa ẹsẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ìró bàtà bọ́ọ̀lù lórí ọ̀dà lẹ́yìn rẹ̀. Prosper ń tẹ̀ lé e bọ̀. Kò bi í léèrè ibi tí wọ́n ń lọ.